Ìhámọ́ra Gòláyátì àti Ọwọ́ Ìyàwó Ìgbẹmọ

Ẹni tí ó bá mọ̀ mí dáadáa yóò sọ fún yín pé mo máa ń ka ẹran inú ìkòkò kí n tó jáde nílé. N kò jiyàn. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ nílé ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì kò jẹ́ purọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí mo bí nínú ara mi pàápàá, ńṣe ni wọ́n máa ń to ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu kí wọ́n tó dé iwájú mi. Ìfura loògùn àgbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, wọn kò sì purọ́. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni ohun tí oògùn àgbà máa ń ṣe nínú ikùn ọmọdé. Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí mo ti mu ún yó kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, lọ́dún tí bàbá mi fi ìwé ìròyìn àti sítáàṣì gbágùúdá ṣe ìhámọ́ra fún Gòláyátì nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Òkè-Ìlá, ní Adó.

A kò pọ̀ nínú agbo ilé náà. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, ni olórí. Ìyá mi wà níbẹ̀, èmi Abọ́sẹ̀dé tí wọ́n ń pè ní Bọ́sẹ̀ wà níbẹ̀, àti ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ẹni karùn-ún ni ìyàwó àbúrò bàbá mi. Káfíńtà ni Bọ̀dá Jóṣúà ọkọ rẹ̀, Àkúrẹ́ ló sì wà lọ́dún náà, níbi tí ó ti ń kan àga fún ilé ìwé tuntun kan, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni à ń rí i. Ìgbẹmọ ni wọ́n ti gbé ìyàwó náà wá, kò sì tíì bímọ, nítorí náà Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é, láti orí Ìyá Àgbà dé orí èmi. Ẹ mọ bí àṣà wa ti rí. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń wẹ̀ mí, tó ń di irun mi, ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́, nítorí èmi ló bá nílé. Ó wo ojú mi tí kì í gbé síbì kan, ó bá sọ mí ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́. "Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ọkọ mi, wá gba àkàrà." Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju èyí tí wọ́n fi omi sọ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Tí mo bá di ojú mi báyìí, ìró ilé náà ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù láàárọ̀, ìgbálẹ̀ Ìyàwó ti ń lọ wàrà-wàrà lágbàlá, orin ìjọ rẹ̀ sì ń bá a lọ lábẹ́lẹ̀. Aládùúrà ni, aláṣọ funfun, kì í wọ bàtà. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ Ìyá Àgbà, ikọ́ mẹ́ta, kò jẹ́ dín, kò jẹ́ lé. Lọ́sàn-án, odó iyán. Ní ilé wa, ọjọ́ tí a kò bá gúnyán, ẹni kan ń ṣàìsàn ni. Ìyá mi àti Ìyàwó ni wọ́n jọ máa ń gún un, tí ọmọ odó méjèèjì á máa tẹ̀ lé ara wọn láìkan ara wọn. Ọdún náà ni iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí a kò ní í bá iyọ̀ rárá lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi ní Ìyàwó ni kò fọkàn sí iṣẹ́. Ìyàwó kàn ń fọ ìkòkò lọ. Èmi gbà á sínú, mo fi í pamọ́.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló bí ìhámọ́ra náà. Ìjọ fẹ́ ṣe eré Dáfídì àti Gòláyátì, wọ́n sì ní Tíṣà ni yóò ṣe ohun ìjà rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bàbá mi da igbá ńlá dojú dé, ó fi ìwé ìròyìn tí ó ti rẹ sínú sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ yí ká, ìpele lórí ìpele, ó di àṣíborí. Ikùn ìkòkò omi ló lẹ ìgbàyà lé, tí ó fi yọ àyà bí àyà ọkùnrin alágbára. Ó ṣe ìbòsẹ̀ méjì tí yóò bo ojúgun, àti asà kan tí ó fẹ̀ ju àtẹ ìrẹsì lọ. Bí wọ́n bá ti gbẹ, yóò fi sáńdípépà họ wọ́n títí wọn yóò fi jọ̀lọ̀, yóò fi ẹfun kùn wọ́n funfun, kí ọ̀dà má baà wọnú ìwé lọ. Lẹ́yìn ẹfun ni ọ̀dà aláwọ̀ idẹ, tí awakọ̀ kan bá a rà wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo. Búrọ́ọ̀ṣì náà dùn mọ́ bàbá mi débi pé inú àpótí ló ń tì í mọ́. Agolo ọ̀dà ń bẹ lórí fèrèsé ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó kun ìgbàyà tán, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ta sí i, mo rò pé wúrà ni. Bàbá mi na ìka sí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o. Títí di ọjọ́ ìkórè."

Ènìyàn méjì ni ìhámọ́ra náà kò tẹ́ lọ́rùn. Ìyá Àgbà ni èkíní. Ìṣàn ni wọ́n ti bí i, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, òun náà sì mọ ìkòkò títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Lọ́dọ̀ wọn, bí ìkòkò bá jáde nínú iná, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, wọ́n máa ń fi ìgbálẹ̀ wọ́n omi èèpo irú sí i, omi tí a fi èèpo èso igi irú sè títí tó fi pọ́n dúdú. Ìkòkò á pariwo ṣáá, á mu omi náà, ara rẹ̀ á dì. Èyí tí kò bá tíì mu ún, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó na ọwọ́ sí àṣíborí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lára rẹ̀ yí ká. "Uṣẹ́ rẹ dára, ọmọ mi," ó wí. Ọ̀rọ̀ Èkìtì ló máa ń sọ, kò jẹ́ fi ti ìwé lú u. "Ùgbà wo lo máa wá fún un lómi? Ùkòkò tí kò mu omi rẹ̀, omi olómi ni á mu." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ìwé ni, kì í ṣe amọ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín.

Èkejì ni Ìyàwó. Kò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ó kàn dúró jìnnà sí yàrá náà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má rán mi wọ ibẹ̀. Wòlíì wa ní ohun tí ó bá ní orí àti àyà tí kò ní ẹ̀mí, kí a má fọwọ́ kàn án." Bàbá mi kàn mi orí. Ìyá mi ló ṣe ṣìọ̀. Èmi gbà á sínú, mo fi í pamọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iyọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí bàbá mi wọ yàrá náà láàárọ̀ tí ó kígbe. Àbàwọ́n dúdú ńlá kan wà ní ìgbàyà, ìwé ibẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé wọ́n ti fi ọ̀dà tún un rẹ́ lórí, gàdàgàdà, bí ẹni fi ìka nù ún. Bàbá mi kọ́kọ́ fura sí ewúrẹ́ ilé, ó bi mí, ó wá bi ìyá mi. Ó tún ibẹ̀ lẹ̀, ó tún un kùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìbòsẹ̀ òsì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àṣíborí. Ìkórè ń sún mọ́lé, Tíṣà tí ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nídìí iyán kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń wo ọwọ́ gbogbo wa bí a ti ń bu òkèlè. Ìyá mi ń wo Ìyàwó. Ìyàwó ń wo ilẹ̀. Àwọn ọmọ odó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn. N kò mọ̀ pé ilé lè yí padà báyìí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹni méjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà á fi kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara wọn kí wọ́n tó kíra. "Pẹpẹ ò fura, pẹpẹ já," ni bàbá mi wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì fi eérú kún igbá, ó dà á tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀ nídàájí. Wọ́n ti gbá eérú náà kúrò láàárín, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ipa ẹsẹ̀ kan ṣẹ́kù, ẹsẹ̀ láìsí bàtà. Mo fa ọwọ̀ kan yọ nínú ìgbálẹ̀, mo fi wọ̀n ọ́n, mo gé e sí ìwọ̀n rẹ̀. Ọwọ̀ yẹn wà nínú àpò aṣọ mi ní gbogbo ọjọ́ náà. Nígbà tí Ìyàwó kúnlẹ̀ tó ń fẹ́ná, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dojú kọ mí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ̀ náà wé e láìfara kàn án. Ó ṣe rẹ́gí. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ti rí ohun tí àwọn àgbà kò rí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lúgọ sẹ́yìn ìkòkò omi. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí, Ìyàwó ni ó jáde, ó ń fi ìdí ìró rẹ̀ nu ọwọ́. Mo fò jáde, mo di ọwọ́ náà mú, mo kígbe pe bàbá mi. Ọ̀dà idẹ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wà lábẹ́ èékánná.

Pálọ̀ ni wọ́n kó wa sí. Ìyàwó kúnlẹ̀ láàárín. Bàbá mi ní, "Ìyàwó, ìwọ tí o ní o kò ní í fọwọ́ kàn án, kí lo lọ ṣe níbẹ̀?" Ìyàwó fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìró. Ìyá mi ní, "Wòlíì rẹ ló rán ọ, àbí ta ni?" Ìyá Àgbà tí ó jókòó lórí ẹní nígun ògiri gbé ohùn sókè tìbínú-tìbínú: "Ẹni tó bá ń ba uṣẹ́ ọmọ mi jẹ́ nínú ulé yìí, ọwọ́ tó fi ń bà á jẹ́ yẹn..." Kò tíì parí rẹ̀ tí Ìyàwó fi rá pálá lọ bá a, ó gbá a lẹ́sẹ̀ mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má ṣépè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e ṣépè. Èmi ni. Èmi ni, ẹ forí jì mí." Gbogbo wa wo ara wa. Ta ló ń bẹ̀rù èpè bí kò ṣe ẹni tí èpè yóò jà? Bàbá mi ní kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìgbẹmọ títí ọkọ rẹ̀ yóò fi dé láti Àkúrẹ́, kí ọkọ rẹ̀ wá sọ bóyá yóò padà. Obìnrin tí kò tíì bímọ, tí wọ́n lé fún ìwà ìbàjẹ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ó ru àpótí rẹ̀ jáde. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú mi, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀dà ṣì wà lábẹ́ èékánná. "Wò wọ́n dáadáa," ó wí. "Ṣé o ti rí wọn tán, Bọ́sẹ̀?" Ó pe orúkọ mi. Ìyàwó ilé pe orúkọ mi gan-an. Ó tún gbé àpótí rẹ̀ rù, ó lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, ilé parọ́rọ́. Ìyá mi ń dá iyán gún. Èmi ń retí kí ẹnì kan yìn mí, kò sẹ́ni tó yìn mí. Ìyá Àgbà béèrè Ìyàwó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, nígbà tí wọ́n bá sì sọ fún un pé ó ti lọ, á ní, "Ta ló wá ń mú mi rè ẹ̀hìn ulé?" A rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà á láàmú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bàbá mi wọ yàrá, asà kò sí níbẹ̀. Kò kígbe lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró, ó fa imú. Èmi náà gbọ́ òórùn náà, òórùn èèpo irú tí ó ń hó, ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé.

Ìyá Àgbà ló wà níbẹ̀, ó lóṣòó ti ẹyin iná tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó gbé asà bàbá mi ka orí òṣùká bí ẹni gbé ìkòkò, ó ń fi iná yá a, ó ń ti ìgbálẹ̀ bọ inú omi dúdú, ó ń wọ́n ọn, ó sì ń fi òkúta dídán tí àwọn amọ̀kòkò fi ń ra ara ìkòkò ra á. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Omi náà ń mú ọ̀dà idẹ ṣí wálẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe?" bàbá mi wí.

"Mò ń bá ọ fún un lómi ni. O pa uṣẹ́ tì láìparí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á ní ọmọ amọ̀kòkò kò mọ uṣẹ́."

Bàbá mi lọ gbé àṣíborí tí ó ń dán bí oòrùn, ó gbé e sí iwájú rẹ̀. "Ìyá. Àwọ̀ wo nìyí?"

Ìyá Àgbà na ọwọ́. Ọwọ́ náà kọ́kọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tó padà wá bá a. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lára rẹ̀. "Àwọ̀ wo ló tún máa ní? O kò tíì kùn ún."

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú pẹ̀lú ṣòkòtò ilé ìwé rẹ̀. Nígbà náà ni Ìyá Àgbà mọ̀ pé àṣírí tú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti ọdún tó kọjá. Òun ló ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, tí ó ń dà á sílẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò lọ́jọ́ kejì, nígbà tó bá fẹ́ ran àwọn ìyàwó ilé lọ́wọ́. Ìyàwó nìkan ló mọ̀. Ìyàwó ló bá a nínú yàrá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú igbá omi èèpo irú lọ́wọ́, Ìyá Àgbà sì mú un búra pé kò ní í sọ fún Tíṣà. "Wọ́n á ní n jókòó sójú kan," ó wí. "Wọ́n á gba uná lọ́wọ́ mi." Láàárọ̀ láàárọ̀, Ìyàwó a mú un padà sórí ẹní rẹ̀, a gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, a padà wọ yàrá tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fẹ́ kí ó wọ̀, a fi ìka bọ agolo ọ̀dà, nítorí búrọ́ọ̀ṣì wà nínú àpótí. Ìyá Àgbà kò mọ̀ pé ohun kan bàjẹ́. Òun ń tún un ṣe ni ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ń wá ẹni tó ń ba iṣẹ́ jẹ́, òun náà bínú sí ẹni náà, ara rẹ̀ ló sì fẹ́ ṣépè fún. Ìdí nìyẹn tí Ìyàwó fi gbá a lẹ́sẹ̀ mú. Mo na ọwọ́ sínú àpò aṣọ mi, ọwọ̀ ìgbálẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń ṣọ́ ẹsẹ̀ gbogbo ilé, n kò rí i pé ẹnì kan nínú wa kò ríran mọ́. Ojú tì mí, ó ṣì ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Ọjọ́ náà gan-an ni bàbá mi mú mi wọ ọkọ̀ tó ń lọ kó ìrẹsì ní Ìgbẹmọ. A bá Ìyàwó lágbàlá ìyá rẹ̀, ó ń fẹ́ ìrẹsì nínú àtẹ, ìyàngbò bò ó lórí. Tíṣà Òkè-Ìlá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. "Èmi ni mo jẹ̀bi," ó wí. "Ìyá ti jẹ́wọ́ fún mi." Ìyàwó gbé àtẹ sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé Ìyá ti jẹun láàárọ̀? Ta ló mú wọn lọ sẹ́yìn ilé?" Èmi kúnlẹ̀, mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí pẹ́. "Bọ́sẹ̀, dìde," ó wí. Ó bá wa padà. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn náà ló pè mí.

Ìkórè dé. Bàbá Agogo, ẹni tó máa ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba wọlé, ló ṣe Gòláyátì. Bàbá mi tún gbogbo rẹ̀ kùn, àyàfi asà. Ó fi èyí sílẹ̀ bí Ìyá Àgbà ti ṣe é, ó dúdú, ó dì, ó dán bí ìkòkò Ìṣàn. Wọ́n mú Ìyá Àgbà jókòó síwájú, Ìyàwó sì dúró tì í nínú aṣọ funfun, ó ń sọ ohun gbogbo tó ń ṣẹlẹ̀ sí i létí. Nígbà tí òkúta Dáfídì ba asà náà, tí ó ró pàù, Ìyá Àgbà ní, "Gbọ́ bó ti ń dún. Ó ti mu omi rẹ̀."

Wọn kò gba iná lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Ìyàwó náà bímọ mẹ́ta, ó di Ìyá Olú. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà, bí ó bá jáde nínú yàrá èyíkéyìí tí ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, á dúró, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì fún mi. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó yá, ó di àwàdà láàárín wa. Àwọn ọmọ rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, wọn kò mọ̀dí rẹ̀. Mo relé ọkọ, mo di ọ̀gá ilé ìwé, bí mo bá lọ kí i, ọwọ́ yẹn ni á kọ́kọ́ tẹ́. Bọ́sẹ̀ ló sì ń pè mí. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti ra aṣọ fún un, n kò rí orúkọ mi gbà padà.

Lọ́dún tó lọ, mo lọ kí i ní Òkè-Ìlá. Ojú rẹ̀ náà ti ṣú báyìí. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, kò sì béèrè ẹni tí ó jẹ́. Ó kàn gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè lórí ẹní, ó tẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀. N kò wò wọ́n. Mo tẹ́ tèmi náà, mo gbé wọn lé orí tirẹ̀. Ó fi ìka rìn lára àtẹ́lẹwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé abẹ́ èékánná, bí Ìyá Àgbà ti máa ń wo ìkòkò.

"Ó ti mọ́," ó wí. "Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ṣé o ti jẹun?"